Mo Kágò Sínú Ẹ̀rọ Rẹ, Wọn Ò Dáhùn

Ọkọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orí ò fọ́ ọ, ṣé ẹ̀yìn ò dùn ọ́ pẹ̀lú gbogbo ìjókòó tó ò ń jókòó yẹn? Ṣé ò ń jẹun? Má sọ pé ò ń jẹun tó o bá mọ̀ pé búrẹ́dì àti tíì lò ń pè ní oúnjẹ. Mo kí ọ, bàbá rẹ kí ọ, Ìyá Kékeré rẹ kí ọ. Tún un kà: mo ní Ìyá Kékeré rẹ kí ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kí ọ, èmi kọ́ ni mo fi kún un bí mo ṣe máa ń fi kún un tẹ́lẹ̀. Nítorí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n n ò ní í sáré, torí ọ̀rọ̀ téèyàn bá sáré sọ, yóò tún padà wá sọ ọ́ ni. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò sanwó ilé yóò máa ṣọ́ ìwọ tó ò ń san án. Ẹ̀rọ tí ń gbé èèyàn gòkè níbi iṣẹ́ rẹ, tó o ní ó máa ń dúró lágbedeméjì, kò ní í dúró nígbà tó o bá wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá ń bínú ọmọ mi ni kó bá dúró. Ṣe àmín kó o tó máa kà á lọ.

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó o fi rán awakọ̀ ti dé ọwọ́ wa. Ẹ̀wù àtijọ́ tó o fi wé e ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, mo rí i pé bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀ ti já, mo ti rán òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà la wá wo ẹ̀rọ. Bàbá rẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ń tún aago ṣe láti ìgbà tí aago ti ń ké, gbé awò kékeré rẹ̀ sójú kan, ó yí ẹ̀rọ náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná ta á, ó ní nǹkan yìí ò ní nọ́ọ̀tì kankan lára, ohun tí kò bá sì ní nọ́ọ̀tì, ẹni tó ṣe é ò fẹ́ ká mọ ohun tó kó síbẹ̀. Ó gbé etí lé e, ó ní kò mí. Mo ní ṣé ẹ̀rọ ń mí ni. Ó ní gbogbo ohun tí ń ṣiṣẹ́ ló ń mí. Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni ẹ̀rọ náà tanná fúnra ẹ̀, ó dún pìíìn, bàbá rẹ sì rìn jáde bíi dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aláìsàn lọ́wọ́ ikú. Títí di òní, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun lòun tún un ṣe.

O ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé eré lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀, pé ẹ ń kó o sínú ẹ̀rọ kí àwọn èèyàn máa ṣe é. Mo ti ṣàlàyé fún àwọn aládùúgbò pé eré tí ọmọ mi ń ṣe kì í ṣe eré, iṣẹ́ ni. Alápatà iwájú ilé wa gbọ́, ó ní òun náà ní ọmọ tó ń ṣeré láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, òun kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ni. Mo ní kó fara balẹ̀, màá bi ọ́. Tí fọ́ọ̀mù bá ṣì wà, dá a lóhùn, torí ó ti ń fi egungun tó dára kún ẹran wa.

Wàyí o, ohun tí n ò lè sọ fún ọ lórí fóònù nìyí, torí fóònù ò ní ilẹ̀kùn, ẹni tó bá ń kọjá lójú pópó ló ń gbọ́ ohùn mi. O mọ bí Ìyá Kékeré rẹ ṣe lọ. Ó ní òun ń lọ gbàdúrà ọ̀sẹ̀ kan lọ́gbà Bàbá Ìsinmi, ìwọ sì ti ń fá irùngbọ̀n ká tó tún fojú kàn án. Ìsinmi orúkọ lásán, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sinmi níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn tí mo máa ń kó aṣọ oníbàárà sí, gbogbo wa ní ó ti jáde. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló jáde. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, á máa wò mí lójú títí màá fi sọ pé mu. Tí bàbá rẹ bá wọlé, á dìde dúró bí ọmọ iléèwé. Tí aago ìsọ̀ bàbá rẹ bá lu gọ́n-ùn, ibi yòówù kó wà, á fò dìde, á lọ mú ìgbálẹ̀. Bàbá rẹ kàn jókòó lọ́jọ́ kan, ó yọ ahọ́n gbogbo aago tó wà nílé àti ní ìsọ̀. Àwọn oníbàárà ń bínú pé aago àwọn ò ké mọ́. Ó ń sọ fún wọn pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òyìnbó.

Àwọn ara ọgbà náà ò sì gbàgbé ẹ̀. Kí ẹ̀rọ rẹ tó dé, obìnrin méjì nínú wọn ti wá. Wọ́n ní Bàbá Ìsinmi ti dárí jì í, pé tí oṣù bá parí àwọn á gbé bọ́ọ̀sì wá mú un. Mo ro pé á sunkún. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á tẹ̀ lé wọn. Mo ní kí ló dé, àbúrò mi, ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni? Ó ní rárá, ìbéèrè ilé wa ló pọ̀ jù fún òun. Kí lo fẹ́ jẹ, èwo lo fẹ́ wọ̀, ṣé o fẹ́ jókòó síta. Ó ní níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi òun ní nǹkan kan, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti yàn sílẹ̀. Ọkọ mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti fẹ́ bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe, mo rántí pé ìbéèrè náà nìyẹn, mo pa ẹnu mi dé. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń nira fún mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí mo fi ṣí eré rẹ. Ó kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ gbọọrọ gbọọrọ jáde, ó ní kí n kà á tán kí n sọ pé mo gbà. Mo kà á títí ojú fi ń ṣomi. Ẹni tí kò tíì jẹ́ ká wọlé ẹ̀ tó ti ń béèrè pé ṣé a gbà, kí ló fẹ́ ṣe fún wa? Bàbá rẹ ní ọmọ wa ló kọ ọ́, kí n gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ síta kí ẹ̀rọ lè gbọ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mo gbà o.

Ni ọgbà kan bá yọ. Ògiri gàgàrà yí i ká, géètì dúdú kan wà níbẹ̀, àwọn yàrá tò bí eyín, àwọn èèyàn tó wọ gáùn aláwọ̀ eérú ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ káàkiri. Ọmọbìnrin kan wọlé, géètì pa dé lẹ́yìn ẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí. Tí mo bá fi ìka fà á sọ́tùn-ún, á lọ sọ́tùn-ún. Mo rántí ohun tó o ní kí n ṣe, pé kí n mú un wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí n wo ohun tó wà níbẹ̀, kí n gbọ́ ìtàn àwọn tó ń gbébẹ̀, kí n lè mọ bí èèyàn ṣe ń wọ irú ibẹ̀ àti ohun tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo láti jáde. Mo ní ó dáa. Ó dáa, ṣùgbọ́n a kì í kàn já wọ ilé onílé, ká kọ́kọ́ kí wọn ná.

Mo kí ẹni tó ń gbálẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Kò dáhùn. Mo kí ẹni tó ń fọ abọ́. Kò wòkè. Mo kí bàbá arúgbó kan lábẹ́ fèrèsé, mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún un nídìí máṣíìnì mi, abẹ́rẹ́ sì gún mi lórúnkún. Kò ní kí n dìde, èmi fúnra mi ni mo dìde nígbà tó rẹ̀ mí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ rẹ ti lọ kó àwọn tí wọn ò kọ́ nílé sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, mo kágò. Mo ní àgò onílé o. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un ké, mo gbé ohùn sókè, bóyá wọ́n ń sùn. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo dá ọmọbìnrin náà padà sí àgbàlá, mo ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn onílé á dé.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ o. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ò sì ràn mí lọ́wọ́, torí nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ pa á, á bi mí pé ṣé kí òun fi ibi tí mo dé pamọ́. Mo ní rárá. Ọmọ ẹni ire ni mí, kò síbi tí mo lọ tí mo fẹ́ fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Àfi bí mo bá tún ṣí i tí mo bá ara mi lẹ́nu géètì, tí mo tún ní láti kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀, bàbá arúgbó yẹn náà pẹ̀lú orúnkún mi. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ sára pé agbára òun ń tán lọ. Mo ní ah, ebi ni. Mo bu oúnjẹ síwájú ẹ̀, mo lọ wọn oníbàárà, nígbà tí mo dé, àwo ti mọ́ kedere, inú mi dùn. Bàbá rẹ nìkan ni kò fẹ́ wojú mi, ètè ẹ̀ sì ń dán. Òun náà ní ìjà tirẹ̀ nínú ọgbà yẹn. Ó rí àwòrán ọ̀gá wọn lára ògiri, èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dúró níwájú ẹ̀, á ní ìwọ ọkùnrin yìí, gbé iṣẹ́ kan kọ́.

Ìyá Kékeré rẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ní gbogbo ìgbà yìí. O mọ̀ pé kọ́tìnnì nìkan ló wà láàárín ìsọ̀ mi àti yàrá ẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ àgò tí mo ń ké lówùúrọ̀, ó ń gbọ́ èyí tí mo ń ké lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, mo ti ké e títí ohùn mi fi há, mo wá ń bẹ ilẹ̀kùn náà bí ẹni ń bẹ lánlọ́ọ̀dù, ni kọ́tìnnì bá ṣí. Òun ló jáde. Mi ò pè é, aago ò ké, oúnjẹ ò tíì jinná. Ó jáde fúnra ẹ̀, ó dúró sẹ́yìn mi, ó wo ẹ̀rọ náà pẹ́. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wọlé. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn àgò nírú ibẹ̀ yẹn, torí kò sẹ́ni tó ni yàrá.”

Ọkọ mi, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ṣé ẹnikẹ́ni lè kàn já wọlé bá ọ? Ó ní nígbàkigbà. Tó o bá ń sùn, tó o bá ń wọṣọ, tó o bá ń sunkún. Ó ní ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìfẹ́. Ó wá na ìka, ó ṣí ilẹ̀kùn tí mo ti ń kágò sí láti ọjọ́ yìí wá, wọ́ọ́ báyìí, kò tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Láti ìgbà náà la ti jọ ń ṣe é. Bàbá rẹ ti ìsọ̀ ẹ̀ pa lọ́sàn-án, ó ní ojú ń dun òun, ó gbé àga tì wá. Àbúrò mi ló ń fa ọmọbìnrin náà, èmi ń dí ẹnu kọ́sítọ́mà. Ó ní kí n sọ fún ọ pé o gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó o ṣì. Ẹni kan ṣoṣo ló ń gbálẹ̀ ẹ̀gbẹ́ géètì nínú eré rẹ lójoojúmọ́. Ó ní wọn kì í jẹ́ kẹ́nì kan gbálẹ̀ ibẹ̀ léraléra, torí ẹni tó bá ń rí títì lójoojúmọ́, ọkàn ẹ̀ á máa rìn lójú títì. Ó tún ní àwọn aláṣẹ inú ọgbà rẹ ń fajú ro jù. Àwọn tòótọ́ máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á bá ọ gbẹ́rù, wọ́n á fi ọwọ́ wọn nu ojú rẹ, wọ́n á pè ọ́ ní ọmọ. Ó ní ká ní wọ́n ń fajú ro ni, òun ì bá ti tètè sá. Tún un ṣe.

Èmi náà ti ní ẹjọ́ tèmi láti rò fún ọ, pé ọmọ aránṣọ ni ọ́, o sì wá rán gáùn fún odindi ọgbà láìsí àpò lára ẹyọ kan. Ojú ń tì mí. Mo sọ ọ́ síta, mo ní ta ni ọmọ yìí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Àbúrò mi ní kí n má bínú, pé o mọ ohun tó ò ń ṣe. Ó ní àpò ò sí lára tàwọn náà. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, kí ló fẹ́ fi àpò ṣe? Mo wọ inú aṣọ tó ṣẹ́ kù, mo mú èyí tó pupa bí ìlẹ̀kẹ̀, mo rán gáùn fún un, mo fi àpò méjì tó jinlẹ̀ sí i, tí ọwọ́ lè wọ̀ dé ọrùn ọwọ́. N ò bi í pé ṣé ó fẹ́ ẹ. Mo gbé e kọ́, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo padà dé, ó ti wọ̀ ọ́, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì sínú àpò bíi wọlé-wọlé tó wá yẹ ilé wò.

Ohun kan tún yí padà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fẹ́ mú aṣọ oníbàárà ní yàrá ẹ̀yìn, mo kàn ń gbá kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn, mo dúró níta kọ́tìnnì, mo kágò. Ó dákẹ́. Oníbàárà ń pariwo pé òun ń lọ síbi ìgbéyàwó, mo ní kó lọ pẹ̀lú èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀. Mo dúró. Ó pẹ́, mo wá gbọ́ ohùn kékeré pé àgò yà. Ìgbà tó yá, ohùn náà ń le sí i. Bàbá rẹ náà ń ké e, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n, tiẹ̀ gùn bí ìwàásù, á ní àgò o, èmi ni, mo fẹ́ mú òòlù kékeré tó wà lórí pẹpẹ, n ò ní í pẹ́, ṣé kí n wọlé àbí kí n padà wá. Lọ́jọ́ kan mo kágò, ó ní, ẹ dúró ná, mo ń wọṣọ. Ẹ dúró ná! Mo dúró síbẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lọ́jọ́ kan, a dé ẹnu géètì nínú eré. Ẹ̀rọ náà bi wá pé ṣé ọmọbìnrin yìí máa dúró ni àbí ó máa jáde. Mo ní kó jáde, kí ló tún ń rò. Bàbá rẹ ní kó jáde kí òun lọ ṣílẹ̀kùn ìsọ̀. Ìka àbúrò mi dúró lókè géètì. Ó ní géètì tàwọn náà ò ní àgádágodo. Kò fi ọwọ́ kàn án. Ó ní ká fi í síbẹ̀ lónìí. A fi í síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí èmi tún kọ̀ láti fi ohunkóhun pamọ́, a tún dé ibẹ̀, ó tún dúró. Oṣù sì ń parí lọ. Ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́, kò sọ fún wa, mo ń rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ kan lọ́wọ́, mo kàn gbọ́ tí bàbá rẹ pàtẹ́wọ́ tó jẹ́ pé awò bọ́ lójú ẹ̀. Mo wòkè, títì gbọọrọ ti yọ nínú ẹ̀rọ, ọmọbìnrin wa ń rìn lọ lórí ẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní àwọn tó ti jáde níbẹ̀ nìyí, mo sì ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé ẹ kú ewu. Àfi bí mo ṣe rí orúkọ tìrẹ láàárín wọn. Ìgbà wo lo wọ ibẹ̀ tó ò sọ fún ìyá rẹ? Àbúrò mi ní mo ṣì í, pé àwọn tó ṣe eré náà ni. N ò gbà á gbọ́ pátápátá, nítorí náà ẹ kú ewu, ìwọ náà. Ó wo àwọn orúkọ náà tán, ó ní orúkọ òun ò sí níbẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn ò jọ àwàdà.

Òpin oṣù pé, bọ́ọ̀sì kékeré dúró níwájú ilé. Mo wà nídìí máṣíìnì, mo ń fi síìpù sí aṣọ, bàbá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú awò lójú kan, ojú yẹn sì tóbi bí abọ́. N ò tíì mọ ohun tí àbúrò mi máa ṣe. N ò bi í. Obìnrin méjì náà wọlé nínú gáùn eérú wọn, àgbà àti ọ̀dọ́. Àgbà náà ní ohùn tó dùn, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó kí wa bí ẹni pé àwa la jẹ́ àlejò. Wọ́n gba ìsọ̀ mi kọjá, wọ́n ká kọ́tìnnì sókè, wọ́n wọlé tààrà. Ó pe orúkọ tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún, ó ní, Ìtẹríba, ọmọ mi, dìde ká máa lọ.

Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi, kò ga, kò gbọ̀n. Ó ní, “Ẹ padà síta, kí ẹ kágò kẹ́ ẹ tó wọlé.”

Àgbà náà rẹ́rìn-ín, irú èyí tí wọ́n ń rín sí ọmọ ọwọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ó fẹ́ fèsì, ó rí ojú ńlá bàbá rẹ nídìí kọ́tìnnì, ó jáde. Èyí ọ̀dọ́ náà jáde. Kọ́tìnnì wálẹ̀. Àgbà wá kágò bí ẹni tí ń gbé oògùn kíkorò mì. Ọkọ mi, ẹnu mi ti yà láti bá a dáhùn, torí ó ti mọ́ mi lára, mo yára ki òwú bọ̀ ọ́, mo fi eyín dì í mú. Gbogbo aago inú ilé ń rìn láìsí ahọ́n.

Ó wá dáhùn láti inú yàrá pé, “Àgò ò yà.”

Àgbà náà tún gbé ohùn ọṣẹ rẹ̀ dé, ó sọ ti ìdáríjì, ó sọ ti ẹni tó ń dúró dè é. Àbúrò mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó tún sọ nǹkan kan náà, ó ní kí wọ́n rọra máa lọ. Bàbá rẹ na ọwọ́ sí ọ̀nà títì fún wọn, ó ní ẹ kú ìrìn o, ẹ kí Bàbá yín, ẹ ní mo ní kó gbé iṣẹ́ kan kọ́.

Àgbà ti wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí èyí ọ̀dọ́ sáré padà. Ó ní òun gbàgbé nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò wá nǹkan kan. Ó dúró síta kọ́tìnnì, ó kágò, jẹ́ẹ́. Àgò yà fún un. Àbúrò mi jáde sí i pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò, ọmọ náà wo àpò yẹn, ó béèrè pé ta ló rán an. Àbúrò mi ní ẹ̀gbọ́n òun ni, pé á rán tirẹ̀ náà tó bá dá wá. Wọ́n fọn fèrè bọ́ọ̀sì, ó sáré jáde. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo ti gé gáùn tirẹ̀, aláwọ̀ ewé ni, mo gbé e kọ́ sójú fèrèsé ìsọ̀ níbi tẹ́ni tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì ti lè rí i.

Nísinsìnyí, ohun tá a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Ṣe ìrànlọ́wọ́ owó díẹ̀ fún wa ká lè yọ kọ́tìnnì yẹn kúrò, ká fi ilẹ̀kùn tó nípọn sí i, kó ní kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ṣoṣo, àpò tí á máa gbé ti wà. Káfíńtà ti wọ̀n ọ́n, ó ní igi ti wọ́n, o mọ ẹnu káfíńtà. Fi owó aṣọ díẹ̀ sí i, bóyá àwọn mìíràn á wá. Tí wọ́n bá sì ń sanwó fún ọmọbìnrin inú eré yẹn, fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n bá a fi pamọ́, torí ó ń rìn lọ lórí títì láìgbé báàgì. Àbúrò mi ní kó o fi orúkọ òun síbi tí orúkọ ti ń gòkè, èyí tí bàbá wa sọ ọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fún un. Kó o sì wá ẹnì kan, ẹyọ kan péré, tí á máa dáhùn àgò nínú ọgbà yẹn. Kì í ṣe nítorí mi. Nítorí àwọn ìyá mìíràn tí á tún ṣí i. Bàbá rẹ ti ń bi àbúrò mi láti àná bóyá òun lè dá ahọ́n aago ẹyọ kan padà, ó ní kó dá ti ìsọ̀ padà, kó fi tilé sílẹ̀ ná.

Ibi tí wọn ò bá ti ní í kágò fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní í mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ilẹ̀kùn tó bá jẹ́ tìrẹ, kọ́kọ́rọ́ rẹ ò ní í sọnù. Tó o bá kágò síbi ire, wọ́n á dá ọ lóhùn kó o tó sọ ọ́ tán. Ṣe àmín, kó o sì jẹun.

Èmi ni, ìyá rẹ, tí kò ní í fi ibi tó dé pamọ́.

Àbúrò mi ń pè mí, ó ti ṣí eré náà látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ṣé a ò ti jáde tán ni. Ó ní òun kàn fẹ́ràn kí òun máa jáde lójoojúmọ́ ni.